Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Kọ Sílẹ̀ Bí Ìjẹ́wọ́

Ní ọdún tí àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá sí Èkó tò lọ rẹrẹ lójú omi, tí wọn kò ríbi já ẹrù sí, ni ọkọ̀ kékeré kan já okùn ní ibùdó àwa ọmọ ogun ojú omi, nítòsí Ọ̀jọ́. Ó lọ forí sọ òkúta, ó sì rì. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìjọba ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ṣẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n wádìí rẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo di ọ̀gá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìwádìí kò ju kí n pe ènìyàn jókòó, kí n bi í léèrè, kí n kọ èsì rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì sọ ẹni tó jẹ̀bi nísàlẹ̀ ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo kun bàtà mi títí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Ẹni tó so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Ìbà, ọmọ apẹja, tó ti mọ omi kí ìyá mi tó bí mi. Lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni ọ̀gá. Nílé, ẹgbẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Ó ku ọdún kan péré kí wọ́n fẹ̀yìntì. Wọ́n wọlé, wọ́n ṣí fìlà.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ forí jì mí. Ẹ ṣàánú mi.”

“Bàbá, ṣé ẹ ò so ó dáadáa ni?”

“Mo so ó, sà. Okùn yẹn ló ti gbó. Mo ti sọ fún wọn ní sítọ̀ tí wọ́n ń kó okùn sí, ó lé lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ ẹ má bínú, sà.”

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Nílé wa, bí àgbà bá ti ń bínú, ọmọ tí kò ṣẹ̀ pàápàá yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Ṣebí ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Síbẹ̀, ohun tí mo kọ ni pé ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ okùn tó gbó, ìlà kan ni mo fún un, nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí ọ̀gá tó ń bójú tó sítọ̀ jù mí lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Mi ò wá ìwé tí wọ́n fi béèrè okùn tuntun. Mi ò tilẹ̀ lọ wo okùn náà. Ojo ni mí. Bàbá náà fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò lè kà, wọn kò sì bi mí ohun tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo fi í jíṣẹ́, ọ̀gá mi sì yìn mí pé ọwọ́ mi yá.

Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi lé bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́, láìsí owó ìfẹ̀yìntì.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n gbé mi lọ sí Àgbádárìgì. Mo kó ẹrù mi dé Okokomaiko láti wá lọ́rì. Awakọ̀ ní kí n dúró de ẹni tó ń bá àwọn so ẹrù. Nígbà tí onítọ̀hún yọ lẹ́yìn ọkọ̀, bàbá yẹn ni. Wọ́n ti rù. Wọ́n kí mi, wọ́n gun orí ọkọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í so bẹ́ẹ̀dì mi mọ́ àga mi.

Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ forí jì mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí, sà. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ pè mí ní bàbá.”

Ọ̀nà náà rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n títí a fi dé Àgbádárìgì, okùn náà kò tú.