Wákàtí Ìyàwó Mi Lórí Fọ́ọ̀mù

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ìyàwó mi fi rán aṣọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn. Ó fi orí kan ga jù mí lọ. Kì í pariwo. Tí ẹ bá rẹ́ ẹ jẹ lónìí, kò ní sọ nǹkan kan lónìí. Ẹ má tíì yọ̀.

Oṣù tó kọjá, a lọ kí ọmọ wa obìnrin. Ẹ̀yìn wa ni páìpù bẹ́ lókè àjà pálọ̀. Nígbà tí a fi máa dé, pákó àjà mẹ́fà ti já sórí àga. Èkeje so rọ̀ bí eyín arúgbó.

A ní ìwé adójútòfò lórí ilé náà. Ọdọọdún la ń sanwó fún wọn, kí wọ́n lè bá wa tún un ṣe tí nǹkan bá bà á jẹ́. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe é, àwọn á san owó pákó àti owó wákàtí tí mo bá fi ṣiṣẹ́. Kí n kọ wákàtí náà sínú fọ́ọ̀mù, ẹnìkan á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Káfíńtà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣé èmi ni màá wá lọ pe káfíńtà?

Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Mo ń wọn pákó, mo ń gé e, mo ń kàn án. Ìyàwó mi dúró lórí tábìlì, ó fi orí àti ọwọ́ méjèèjì gbé pákó dúró títí n ó fi kàn án tán. Ìṣó mẹ́rìndínlógún ni pákó kan ń gbà. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín láti wá ìṣó. Nígbà míì mo máa ń mu omi.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀: "Bàbá, ṣé odò lẹ ti lọ pọn omi náà ni?"

Pákó mẹ́fà wọlé. Ọrùn tó ń dun ìyàwó mi kò jẹ́ ká kan èkeje. Mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: Òṣìṣẹ́ kan. Wákàtí mẹ́rìnlá.

Ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Òṣìṣẹ́ kan. Ta ni?"

"Èmi."

"Èmi ńkọ́?"

"Pákó nìwọ kàn gbé dúró."

"Ẹ kú iṣẹ́." Ó dá fọ́ọ̀mù padà. "Gbogbo aṣọ tí mo rán láyé mi, orúkọ ọ̀gá ló wà lára rẹ̀. Ilé tèmi nìyí. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀."

Mo ní fọ́ọ̀mù kò láyè ẹni méjì. Irọ́ ni. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùyẹ̀wò dé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ bàtà dídán. Ó wo fọ́tò, ó wo òkè, ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Orí mi wú.

Ìyàwó mi bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbé pákó dúró?"

"Rárá, Màmá. Iṣẹ́ nìkan là ń kọ. Kéèyàn kàn gbé nǹkan dúró, ìrànlọ́wọ́ nìyẹn."

Mo mi orí pé òótọ́ ni. Ǹ bá má ti mì í.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pákó kan ló kù, ọrùn sì ń dùn mí. Jọ̀ọ́, bá wa gbé e dúró, kí Bàbá kàn án lójú ẹ. Kì í kúkú ṣe iṣẹ́."

Olùyẹ̀wò fi fọ́tò sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gun tábìlì, ó fi orí gbé pákó. Ìyàwó mi fa àga, ó jókòó.

Mo kan ìṣó mẹ́rin.

"Bàbá," ni ìyàwó mi wí, "òùngbẹ ò gbẹ yín ni?"

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta la ti jọ wà. Ohun tó ní lọ́kàn yé mi. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn.

"Màmá, ṣé Bàbá ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀. Ṣé ó wúwo ni?"

"Kò... kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo."

"Mo ṣáà mọ̀."

Nígbà tí mo padà dé, eruku ti kún ojú ọ̀dọ́kùnrin náà, kò rọ́wọ́ nù ún.  Mo ní ìṣó ti tán lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà!"

Mo kó méjìlá wá.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe bàtà.

"Wákàtí mélòó ni Màmá fi gbé e dúró?"

"Mẹ́rìnlá," ni mo wí.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo olè. Ó bi ìyàwó mi ní orúkọ rẹ̀. Ìyẹn pè é fún un díẹ̀díẹ̀, títí kan orúkọ bàbá rẹ̀.

"Wákàtí mẹ́rìnlá," ni olùyẹ̀wò ń kọ.

"Àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni ìyàwó mi wí. "Èmi ni mo gbálẹ̀."

Ó kọ ọ́. "Irú iṣẹ́ wo ni kí n kọ, Màmá?"

"Olùrànlọ́wọ́ káfíńtà," ni mo wí.

"Kọ káfíńtà," ni ìyàwó mi wí.

Ó gbé bírò dúró, ó ń wò mí.

"Kọ ọ́," ni mo wí.