Kíkàn Ilé Ìyá Bọ́sẹ̀

Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí mo wọ̀ ní Igbókòdá kú mọ́ wa lábẹ́ lójú omi. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, àmọ́ kùrukùru ti bo gbogbo ayé débi pé mi ò rí orí ọkọ̀ láti ìdí rẹ̀ tí mo jókòó sí. Ọlọ́kọ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì títí apá fi ro ó, kò jí. Ó bá mú sípánà, ó ń fi lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kó... kó-kó... kó. Ẹ gbọ́ o, àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀, ẹ̀rù ń ba kálukú, àmọ́ èjìká tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wa àjẹ̀. Èmi kọ́ ni mo rán an níṣẹ́. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí mo ti ń sá fún kíkàn yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ́ńjìnnì lẹ mọ̀: ó han lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti dé, orí sì ń fọ́ yín. Nígbà tiwa, àjẹ̀ ni. Abúlé wa wà níbi tí odò kékeré kan ti ń já sókun, kò jìnnà sí Ayétòrò. Ilé orí òpó la ń gbé, afárá pákó ló so ilé mọ́ ilé. Bí obìnrin bá ń wakọ̀, á ti àjẹ̀ sómi, á fi igi rẹ̀ kan etí ọkọ̀, á tún ti í, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní kíkàn tirẹ̀. Tiwa lọ́ra, ó dà bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Tilé Ìyá Bọ́sẹ̀ ló dùn jù: ẹyọ kan, ìdákẹ́ díẹ̀, méjì tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn, ìdákẹ́, ẹyọ kan. Bó o bá gbọ́ ọ, kó o tilẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wàá rò pé ilẹ̀ ń gbé ọ lọ ni. Ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀ á máa mì sí i lójú oorun. Bàbá mi a máa sọ pé kíkàn yẹn lè gbé òkú rìn. Ẹ̀rín la máa ń rín nígbà náà.

Àmọ́ bí ọyẹ́ bá mú kùrukùru wá, kíkàn kì í ṣe orin mọ́, ojú ni. Ìyá tó wà nílé á fi ọmọ odó kan òpó ilé rẹ̀, ọmọ tó wà lójú omi á fi àjẹ̀ dáhùn, á sì máa tọ ohùn yẹn bọ̀ wálé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èèwọ̀: ẹnikẹ́ni kì í kan kíkàn ilé onílé nínú kùrukùru. Màámi sọ ọ́ fún mi kó tó fi àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Bọ́sẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni wá. Ó ga jù mí lọ, eyín iwájú rẹ̀ kan sì yẹ̀, tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín á kọ́kọ́ fọwọ́ bò ó. Bí wọ́n bá fún un ní pupurú, á bu èyí tó pọ̀ fún mi, á ní òun ò fẹ́ kí n kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, èmi nìkan ni mo rí bẹ́ẹ̀ lábúlé, àwọn ọmọ a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ́sẹ̀ a máa gbèjà mi. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," á wí, "ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ náà ń fẹ́ ẹni tó máa wà á."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a lọ wo ìgèrè edé wa, oníkálukú nínú ọkọ̀ kékeré tirẹ̀. Tirẹ̀ kún fọ́fọ́. Tèmi, akàn méjì péré, ọ̀kan ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó pé. Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀, inú bí mi. Ṣebí ẹ mọ inú ọmọdé. Mo wakọ̀ mi ṣíwájú, kùrukùru sì bò wá, a ò rí ara wa mọ́. Nígbà tí mo dé ẹnu òkun, níbi tí odò ti ń já síta, èrò òmùgọ̀ kan wọ̀ mí lórí: kí n jẹ́ kí Bọ́sẹ̀ rò pé òun ti délé, kó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀, kó bọ́ sómi. Mo fi àjẹ̀ kan etí ọkọ̀, kíkàn ilé wọn gan-an. Ó dáhùn lẹ́yìn mi. Mo tún kàn án. Ó pariwo pé, "Màámi, mo ti ń bọ̀ o!" Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo rọra yí ọkọ̀ sílé.

Omi ń fà lọ sókun lásìkò yẹn. Mo gbọ́ kíkàn rẹ̀ tó kọjá lápá ọ̀tún mi. Mo tún gbọ́ ọ, ó ti jìnnà. Mo ní ó ń dọ́gbọ́n ni, ó fẹ́ san án fún mi. Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́bàá òpó pẹ̀lú ọmọ odó, ó ń kàn. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ dà?" Mo ní, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kò dé títí dòní. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ọkùnrin fi wá a. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni òkun dá padà, ìgèrè edé ṣì wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ tí kùrukùru bá ti sọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ á kan òpó. Ọdún ń gorí ọdún. Èmi á wà lórí ẹní, apá mi á máa wa àjẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, àfi kí màámi dì í mú. Bí obìnrin náà bá kàn án tán, gbogbo abúlé á dákẹ́, ajá pàápàá, nítorí ó máa ń dà bíi pé nǹkan kan fẹ́ dáhùn.

Ìyá Bọ́sẹ̀ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n jókòó. Kò wojú mi. Ó ní, "Ẹni tó kàn án lọ́jọ́ náà, ọwọ́ òsì ló fi kàn án. Èyí tó gbẹ̀yìn ló wúwo. Mo gbọ́ ọ láti ibí." Ó wá gbé pupurú síwájú mi, ó ní, "Jẹun." Mo jẹ ẹ́. Mi ò jẹ́wọ́. Òun náà ò tún dá a sílẹ̀ mọ́, títí mo fi lọ ilé ọkọ ní Igbókòdá, títí ó fi kú, títí òkun fi jẹ abúlé wa tán.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí ọlọ́kọ̀ ju sípánà sílẹ̀ tó ní, "Màmá, omi ti ń fà wá lọ síta o." Fóònù ò gbé. Tíṣà ọ̀dọ́mọbìnrin kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Òṣogbo, jókòó tì mí, ó ń sunkún, ó ń pe Jésù. Àjẹ̀ méjì ló wà nínú ọkọ̀. Mo gba ọ̀kan, mo kan kíkàn ilé wa, bóyá apẹja kan á gbọ́. Kò sí èsì. Mo mọ èyí tó kù. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di àjẹ̀ mú dáadáa, mo sì kan tilé Ìyá Bọ́sẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó dáhùn.

Apá òsì wa ló ti wá, nínú funfun yẹn: kó... kó-kó... kó. Èyí tó gbẹ̀yìn ló wúwo. Bí mo ṣe kàn án nígbà ọmọdé ló ṣe ń dá mi lóhùn. Ọlọ́kọ̀ ní, "Ènìyàn wà níbẹ̀! Ẹ máa kàn án, Màmá!" ó sì ti ń fi àjẹ̀ kejì wakọ̀ lọ síbẹ̀. Kò mọ ohun tí mo mọ̀. Mo ń rò ó pé ẹ̀san dé, pé bí mo ṣe tan Bọ́sẹ̀ lọ náà ló fẹ́ tàn mí lọ. Mo wo tíṣà, ọmọ ọlọ́mọ. Mo pariwo sínú kùrukùru pé, "Bọ́sẹ̀! Àwọn yìí ò mọ nǹkan kan o! Èmi nìkan ni!" Gbogbo ọkọ̀ yíjú wò mí. Kíkàn náà ò dúró, a sì ń tọ̀ ọ́ lọ.

Imú ọkọ̀ gbá nǹkan. Òpó ni. Mẹ́ta ló kù nínú gbogbo abúlé wa, wọ́n dúró sínú omi. Kò sí ènìyàn, kò sí ọkọ̀, kò sí pákó kankan tó ń mì, omi tòrò. Kíkàn ti dákẹ́. Ọlọ́kọ̀ so okùn mọ́ òpó, ó ní òun ti mọ ibi tí a wà, kí a dúró kí oòrùn tú kùrukùru ká. Òkun ti ga débi pé ibi tí pákó ilé máa ń wà tẹ́lẹ̀ ni ọkọ̀ wa léfòó sí. Níwájú mi gan-an, ojú kan jìn wọ ara òpó, ó tó ìkúùkù, ó ń dán. Ibi tí ọmọ odó Ìyá Bọ́sẹ̀ ti ń bà á ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni. Mo ki ọwọ́ òsì mi bọ̀ ọ́. Mo ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, èmi ni. Èmi ni mo kàn án. Ẹ foríjì mí." Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà tó ní etí.

Abúlé ti lọ, àjẹ̀ ti di igi ìdáná, ẹ̀yin ọmọ wa ò sì mọ kíkàn ilé kankan. Mo máa ń bá yín jà lórí rẹ̀. Bí a ṣe jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀, mo wò ó: ẹsẹ̀ tíṣà ni. Ó ti dá ẹkún dúró, ó ń wo ojú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kan ilẹ̀ ọkọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Kó... kó-kó... kó. Mo lanu láti sọ fún un pé èèwọ̀ ni, pé a kì í kan ti ilé onílé nínú kùrukùru. Mo wá rántí pé ilé náà ò sí mọ́, pé èmi nìkan ló kù tó lè dá a lóhùn. Mo mú àjẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì dì í mú, mo dáhùn.