Ó Ń Gbọ́, Kò Tíì Fèsì

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá, kì í gbà pé ẹ̀rọ kankan ti kú. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní àdúgbò Nima, ní Accra, níbi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, bí oníbàárà bá ní, "Alhaji, eléyìí ti kú," wọ́n á fi etí lé e, wọ́n á ní, "Ó ń gbọ́, kò tíì fèsì ni."

Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa tèmi náà nìyẹn. Accra ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá ni Bàbá ń bá mi sọ, Twi, èdè Gánà, ni mo fi ń dá wọn lóhùn, àwọn àlejò láti Ìbàdàn a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo ń parí ẹ̀kọ́ mi, kọ̀ǹpútà mi kọ̀, kò ṣí mọ́, gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá mi sì wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fi Linux, ètò kan tó lè tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì, ṣí i, kò gbà. Mo fi Twi ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n yẹ fláàṣì náà wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"O kàn kó fáìlì sórí rẹ̀ bí ẹni ń kó orin sí fóònù! Ó ní ètò tí wọ́n fi ń ṣe é."

Wọ́n fi kọ̀ǹpútà tiwọn tún fláàṣì náà ṣe, wọ́n tì í bọ inú tèmi, wọ́n tan án. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Bàbá ò mikàn, wọ́n fi etí lé e.

Ìgbà tó yá, lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá, fóldà iṣẹ́ mi sì yọ.

"Bàbá, ó ti fèsì!" ni mo pariwo, ní Yorùbá.

Bàbá ò wo kọ̀ǹpútà náà rárá. Èmi ni wọ́n ń wò.