A Kì Í Béèrè Ibi Tí Màmá Ń Lọ

Nílé wa ní Ayétòrò, oníkálukú ló ní òfin ìrìnàjò tirẹ̀. Bàbá mi, nígbà ayé wọn, kì í wọ bàtà tuntun rìnrìnàjò. Wọ́n ní bàtà tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ kò lè mọ ọ̀nà. Èmi kì í jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ tí mo bá máa wọkọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì gba àlàyé. Ṣùgbọ́n ti Màmá mi ló le jù. Màmá kì í sọ ibi tí wọ́n ń lọ títí wọ́n á fi débẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n máa ń parọ́ o. Bí o bá pàdé wọn tí wọ́n gbé báàgì dání, tí o sì bi wọ́n pé níbo, wọ́n á ní, "Mò ń bọ̀." Bí o bá tún un bi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìwọ fúnra rẹ á fi gbàgbé ohun tí o ní lọ́kàn. Ní gáréèjì pàápàá, wọn kì í dárúkọ ìlú kankan fún awakọ̀. Wọ́n á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tẹ́tí sí ẹni tó ń pe èrò, bó bá ti pe ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á rọra wọlé jókòó. Ìyá tó bí wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: bí a bá ti la ẹnu dárúkọ ibi tí à ń lọ, ọ̀nà ti gbọ́, ọ̀nà á sì múra dè wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dárúkọ ibẹ̀ lójú ọ̀nà, ìrìnàjò ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ilé ni wọ́n ń padà sí.

Òfin yìí kò ni ẹnikẹ́ni lára títí ìjọba fi ti bọ́dà pa. Láti ìgbà náà, kò sí bí o ṣe máa kúrò ní Ayétòrò gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ tí o ò ní bá okùn tí wọ́n ta dínà pàdé. Kọ́sítọ́ọ̀mù nìyí, sójà nìyẹn, wọ́n ń wá ìrẹsì òkèèrè àti adìyẹ inú yìnyín. Gbogbo wọn pátá ló sì ní ìbéèrè kan náà lẹ́nu: "Níbo lẹ ń lọ?" Ìjọba kó àwọn ọmọkùnrin gìrìpá jọ, ó wọ aṣọ fún wọn, ó gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́, ó wá ní kí wọ́n máa bi Màmá mi ní ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi wọ́n. Màmá kàn jókòó sílé ni.

Ẹ̀gbọ́n Màmá kan ṣoṣo ló kù lókè eèpẹ̀, Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìlárá ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá mọ Ìlárá á mọ̀ pé ààlà gba àárín ìlú náà kọjá ni, apá kan jẹ́ ti Nàìjíríà, apá kejì jẹ́ ti Benin. Apá kejì yẹn ni ilé Màmá Àgbà wà. Àwọn ló pọn Màmá mi dàgbà, àwọn náà ló kọ́ wọn ní òwò èlùbọ́. Màmá Àgbà kì í lo fóònù, ṣùgbọ́n kí bọ́dà tó di títì, kò sí oṣù tí àwọn méjèèjì kì í rí ara wọn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọmọ Màmá Àgbà tó ń gbé ní Parakú, lápá òkè Benin lọ́hùn-ún, pe Màmá lórí fóònù, mo jókòó tì wọ́n, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní orúnkún ìyá òun kò gbé wọn mọ́, kò sì yẹ kí wọ́n máa dá gbé. Ó ní òun á dé Ìlárá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá sì mọ́, òun á mú wọn lọ sọ́dọ̀ òun pátápátá. Parakú kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sì tún padà wálé sun oorun. Màmá ní, "Ó dáa, ọmọ mi," wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń lọ aṣọ tí wọ́n fi ń ṣọdún, mo mọ̀ pé a ti ń lọ.

Ọjọ́ Rú la gbéra. Ní ibi okùn àkọ́kọ́, ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan bẹ ojú wo inú ọkọ̀, ó bi èrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Màmá, wọ́n yíjú sí fèrèsé, wọ́n ń wo oko ẹ̀gẹ́ bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín. Ọkùnrin yẹn tún un bi. Awakọ̀ ń fọwọ́ gbá ìdarí ọkọ̀ pẹ́pẹ́. Ara mi ò gbà á mọ́, mo ní, "Ìlárá là ń lọ, sà."

Màmá wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó wọnú èlùbọ́ tí a sá sóòrùn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ bẹ̀ wọ́n, èrò bẹ̀ wọ́n, ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kadà ló gbé wa padà sílé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: odidi ọjọ́ kan ààbọ̀ ni Màmá kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ní tààrà. Bí oúnjẹ bá jinná, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń gbé yàrá kejì ni wọ́n ń kọjú sí: "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó mọ ọ̀nà Ìlárá jù pé kó wá jẹun."

A ò lè lọ lọ́jọ́ Bọ̀, nítorí Màmá ní a gbọ́dọ̀ fún ọ̀nà láàyè kó gbàgbé. Ó wá ku ọjọ́ Ẹtì nìkan. Bí ti ọjọ́ náà bá tún bàjẹ́, Màmá Àgbà ti lọ nìyẹn. Mi ò lè purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí wọn ò bá rí ara wọn, ẹnu mi ló fà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Màmá fún mi ní pákò kan tó nípọn. Wọ́n ní kí n máa rún un, kí n má yọ ọ́ lẹ́nu títí a ó fi dé. A kọjá okùn àkọ́kọ́ láìsí wàhálà: ọkùnrin ọjọ́ Rú rí Màmá, ó yára ní kí awakọ̀ máa lọ. Ní èkejì, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún dá wa dúró.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ayétòrò ni, ọmọ mi."

"Kí ló wà nínú báàgì yín?"

"Ẹja gbígbẹ méjì, èlùbọ́ díẹ̀. Yẹ̀ ẹ́ wò."

"Níbo lẹ wá ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Níbo ni ẹ̀gbọ́n yín wà?"

"Ó yẹ kí wọ́n wà nílé wọn."

"Níbo nilé wọn wà?"

"Ibi tí mò ń lọ ni."

Ọmọkùnrin yẹn kọjú sí mi. Mo fi pákò hàn án. Ó ní kí àwa méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí a lọ jókòó sábẹ́ igi kaṣú títí a ó fi rántí ibi tí à ń lọ. Ọkọ̀ wa lọ. Ó lé ní wákàtí méjì tí a fi jókòó síbẹ̀. Màmá ò bínú rárá, wọ́n tilẹ̀ ń kí àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin yẹn wá, ó rẹ̀ ẹ́. "Màmá, ẹ máa lọ síbi tí ẹ ń lọ." Ó dá ọkọ̀ kan dúró fún wa, ó sì kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kó má ṣe bi màmá yìí ní ohunkóhun.

Ọ̀sán ti pọ́n ká tó dé Ìlárá. Sójà wà lójú títì, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kì í gba ojú títì. A gba ẹ̀yìnkùlé ilé kan, a kí ìyá tó ń fọ abọ́ níbẹ̀, a sì ti wà ní Benin. A bá ilẹ̀kùn Màmá Àgbà ní títì. Aládùúgbò wọn, obìnrin kan tó ń yan gaàrí, ní láti ìdájí ni wọ́n ti jáde, ọ̀kadà ló gbé wọn gba ọ̀nà oko.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé, mo yọ pákò lẹ́nu. "Níbo ni wọ́n lọ?"

Obìnrin yẹn wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ẹ ò mọ màmá yìí ni? Wọn kì í sọ. Wọ́n ṣáà wọ léèsì wọn, wọ́n gbé báàgì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n á sunkún, àṣé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, èjìká wọn ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, mo rí i pé omijé ti lé sójú wọn. "Ayétòrò ni," ni wọ́n wí. Ìyá kan náà ló bí wọn, ìyá kan náà ló kọ́ wọn. Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi kaṣú, tí à ń ṣọ́ ẹnu wa, Màmá Àgbà ti gba inú igbó kọjá sọ́dọ̀ wa láìsọ fún ẹnì kan.

Màmá dìde. Ohun tí wọ́n ṣe láti ìgbà náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Sójà ojú títì kò tíì la ẹnu tí wọ́n fi sọ fún un pé Ayétòrò ni àwọn ń lọ, pé ẹ̀gbọ́n àwọn ni àwọn ń wá, obìnrin pupa tó wọ léèsì, tó ń tiro díẹ̀. Wọ́n sọ fún awakọ̀. Wọ́n sọ fún gbogbo èrò. Wọ́n ń yọ orí láti fèrèsé sọ fún àwọn tó ń ti oko bọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni àwọn àgbà wí." Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé, kí n bi ọlọ́kadà tó ń bọ̀ yẹn bóyá ó rí wọn.

Nígbà tí a dé Ìmẹ̀kọ, ẹlẹ́pà kan nawọ́ sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan fún wa. Màmá Àgbà ló jókòó sórí táyà àtijọ́ kan níbẹ̀ yẹn, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n gbé báàgì lé itan. Táyà ọ̀kadà tó ń gbé wọn padà ló jò, fọkanáísà ń lẹ̀ ẹ́. Màmá Àgbà gbójú sókè, wọ́n rí àbúrò wọn.

"Níbo lo lọ láti àárọ̀?"

Màmá ò jẹ́ kó tutù. "Ọ̀dọ̀ yín ni."

"Èmi náà, ọ̀dọ̀ ẹ ni mo lọ. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ títí ìdí fi ń ro mí. Mo bi gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí o wà."

"Mi ò sọ fún wọn ni."

"O káre. Ọmọ ìyá ẹ ni ẹ́ lóòótọ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Fọkanáísà dúró, ó mú táyà dání, ó ń wò wọ́n. Mo ra ẹ̀pà, wọ́n jọ jókòó sórí táyà kan ṣoṣo, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n oòrùn ò dúró. Ọmọ Màmá Àgbà á dé ní alẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti wà nílé. Ọlọ́kadà ní táyà òun ti dáa. Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ mu omi díẹ̀.

Màmá Àgbà di ọwọ́ Màmá mú. Wọ́n ní, "Parakú ni mò ń lọ lọ́la. Mo ní kí ọmọ yẹn júwe ẹ̀ fún mi dáadáa. Bí o bá sọ̀ ní gáréèjì, gba ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu. Wàá rí mọ́ṣáláṣí kan níwájú. Ilé kẹta lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni, géètì pupa."

Mo ń retí kí Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀gbọ́n wọn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ tún un sọ."

Màmá Àgbà tún un sọ, láti gáréèjì.

"Ẹ tún un sọ."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń sọ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún, ibi iṣu, mọ́ṣáláṣí, títí wọ́n fi dé géètì pupa yẹn. Ọlọ́kadà ti padà dé, ó ti gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ń dúró.