Àwọn Òkúta Àfísù Lórí Òkè Kwahu

Hàlímọ̀ kò gun òkè rí títí ọkọ rẹ̀ fi kú. Kì í ṣe pé Àfísù kò pè é. Lọ́dọọdún, nínú ọyẹ́, nígbà ìsinmi oṣù Disẹ́ńbà, Àfísù máa ń kó àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ariwo Kejetia, ọjà ńlá Kumasi. Wọn a wọ ọkọ̀ lọ sí Kwahu, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rin orí òkè fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Dókítà ló kọ́kọ́ ní kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó yá, ìrìn náà wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Àwọn ará Asawase, níbi tó ń gbé, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alhaji, àárẹ̀ Kejetia kò tó yín ni, tí ẹ tún ń lọ wá òmíràn lórí òkè?"

"Àárẹ̀ Kejetia kì í jẹ́ kí n sùn," ni yóò dáhùn. "Ti òkè ń jẹ́ kí n sùn."

Hàlímọ̀ ní tirẹ̀ máa ń dúró ti ìsọ̀. Máyàfí ni wọ́n ń tà, oṣù Disẹ́ńbà sì ni ọjà rẹ̀ máa ń yá. "Ẹ bá mi kí òkè," ni yóò wí. Ohun tó máa ń gbọ́ jù nípa òkè náà ni ọ̀rọ̀ ibi ìkírun. Lókè téńté, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, Àfísù fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òkúta yí ilẹ̀ ká, bí àwọn awakọ̀ Haúsá ti máa ń ṣe lẹ́bàá títì. Ó fi òkúta ńlá kan síwájú, níbi tí ìmáàmù yóò dúró sí, kí àlejò tó bá kọjá lè mọ gábàsì, ìyẹn ọ̀nà Mẹ́kà tí à ń kọjú sí kírun. Etí odò nísàlẹ̀ ló ti gbé òkúta ńlá náà. Ó máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí.

Inú ọyẹ́ tó kọjá ni Àfísù kú, lórí ibùsùn rẹ̀. Hàlímọ̀ ṣe opó, tí àwọn ará Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, ń pè ní takaba, ó jókòó sílé títí ó fi pé. Kò pẹ́ tó jáde tí Bákàrè, àbúrò Àfísù tó máa ń bá a gun òkè, fi wá bá a. Ó ní ẹbí ti fẹnu kò. Àwọn yóò gbé sìmẹ́ǹtì gun òkè, àwọn yóò fi mọ àwọn òkúta náà mọ́lẹ̀, kí àgbàrá má baà gbé wọn lọ. Sàdákà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró fún òkú ni.

"Èmi náà á lọ," ni Hàlímọ̀ wí.

"Ìyá Rashida, òkè kì í ṣe àkàsọ̀ o."

"Ọkọ mi, ẹsẹ̀ mi kò tíì sọ fún un yín pé ó rẹ òun."

Ọkọ mi ló ń pè é, nítorí wọ́n ti bí i kí òun tó wọ ilé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń ra bàtà ilé-ìwé fún un. Kò sọ ohun tó ń wá lọ fún un. Ohun kan ṣoṣo ni: kí ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ níbi tí Àfísù ti máa ń fi tirẹ̀ kàn án.

Oṣù Júùnù ni wọ́n lọ, òjò ti dé. Wọ́n sùn ní abúlé tó wà nísàlẹ̀, wọ́n kí àsùbáà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kwadwo, àgbẹ̀ tó máa ń mú àwọn arìnrìn-àjò gun òkè, ló ru sìmẹ́ǹtì. Rashida, ọmọ Hàlímọ̀ tó ń ránṣọ ní Ayigya, gbé omi. Ọ̀nà ń yọ̀.

"Maame, brɛbrɛ," ni Kwadwo ń wí, pé kó máa rọra.

Bákàrè ló ń mí hẹlẹ.

"Bàbá Kékeré, ṣé ká dá yín padà?" ni Rashida bi í.

"Ìwọ, ṣé ẹnu lo fi ń gun òkè ni?"

Nígbà tí wọ́n dókè, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Àwọn òkúta náà wà bí Àfísù ti tò wọ́n, Kwadwo kò sì jẹ́ kí koríko bò wọ́n. Hàlímọ̀ fọwọ́ kan òkúta ńlá náà. Ó tutù. Bákàrè ti ń já àpò sìmẹ́ǹtì nígbà tí Rashida yọ fóònù.

"Ẹ jẹ́ ká kàn wo gábàsì kí a tó mọ ọ́n pa." Ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún. "Màámi, kì í ṣe ibí ló kọjú sí. Apá òsì ni, ó sì jìnnà díẹ̀."

"Nẹ́tíwọ̀kì kò sí lórí òkè yìí. Pa á," ni Bákàrè wí.

"Kò nílò nẹ́tíwọ̀kì, Bàbá Kékeré."

Hàlímọ̀ yíjú sí Bákàrè. "Lọ́jọ́ tó to àwọn òkúta yìí, báwo ló ṣe mọ gábàsì?"

"Ojú mi ló ṣe. Ó dúró de oòrùn. Ibi tí oòrùn ti yọ gan-an ló gbé òkúta ńlá yìí sí. Gbogbo ọdún tí a bá wá, orí rẹ̀ náà loòrùn ń yọ sí."

Ilé wọn ní Asawase ni Hàlímọ̀ ń rò. Nínú ọyẹ́, oòrùn àárọ̀ máa ń gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wọlé, a sì tàn sórí ìkòkò omi. Bí òjò bá ti dé, kì í débẹ̀ mọ́. Oòrùn a ti sún lọ sí apá ibi tí ìmáàmù mọ́ṣáláṣí àdúgbò máa ń kọjú sí. Inú ọyẹ́ nìkan sì ni Àfísù ń wá síbí, kò rí ibi tí oòrùn ìgbà òjò ti ń yọ.

Kò tíì sọ ọ́ jáde tí kùrukùru fi là. Oòrùn wà ní apá òsì òkúta ńlá náà, ó jìnnà sí i, níbi tí fóònù Rashida nà sí.

Kwadwo ti da yanrìn sílẹ̀, ó béèrè bóyá kí òun po ó. Bákàrè ní kó dúró ná.

"Ìyá Rashida, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ̀. Gbogbo ìrun tí a ti kí níbí, ṣé ká wá ní kò gbà ni?"

"Ó gbà. Ẹni tó wá ọ̀nà tó sì ṣe ìwọ̀n tó mọ̀, ìrun rẹ̀ gbà. Àfísù ṣe ìwọ̀n tó mọ̀. Àwa la ti mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí."

"Ọwọ́ rẹ̀ ló tò ó!" Bákàrè fọwọ́ lé òkúta ńlá náà. "Kí ló tún kù láyé tí ọwọ́ rẹ̀ tò?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Hàlímọ̀ lára. Ó jókòó sórí koríko tútù. Láti Kumasi ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun bá a bí Àfísù ti fi í sílẹ̀, kí òkúta kan má yẹ̀. Ọlọ́run sì ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n, àlejò tí kò ní fóònù yóò gbà á gbọ́. Yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni kan lẹ́yìn ẹnì kejì, ní orúkọ Àfísù.

Ó dìde, ó tún máyàfí rẹ̀ dè, ó wọ àárín àwọn òkúta náà. Ó kọjú sí apá ibi tí oòrùn wà, tó fi jẹ́ pé ó dúró ní ìdábùú láàárín wọn, ó sì kí ìrun wáláhà. Ó pẹ́ kí ó tó gbé orí kúrò nílẹ̀. Nígbà tó parí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti òkúta ńlá náà, ó tì í. Kò mì. Ó tún tì í.

Bákàrè kẹ̀yìn sí i. "Ẹ ó ṣe ẹ̀yìn yín léṣe," ló wí, kò yíjú padà.

"Ẹ wá gbé e nígbà náà, ọkọ mi."

Bákàrè yí padà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì wá. Àwọn méjèèjì ló jọ gbé e lọ sí apá òsì, níbi tí fóònù Rashida nà sí. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó funfun, èèrà sì ń sá kiri nínú kòtò tó fi sílẹ̀. Wọ́n tún àwọn yòókù tò lẹ́yìn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, Kwadwo sì po sìmẹ́ǹtì. Bákàrè fi ìka kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i kí ó tó gan.

Kwadwo gbé ọkọ́ láti dí kòtò náà. "Fi í sílẹ̀," ni Hàlímọ̀ sọ fún un ní Twi. "Koríko á bò ó."

Nígbà tí àkókò àìlà tó, Bákàrè bọ́ síwájú láti ṣe ìmáàmù, Hàlímọ̀ àti Rashida dúró lẹ́yìn. Ara Bákàrè kọ́kọ́ yí sí ọ̀nà kòtò náà, bó ti mọ́ ọn lára. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò síbi tí òkúta wà báyìí, ó sì gbé ọwọ́ sókè, ó kábàrà.