Ẹni Tó Họ Ẹ̀yìn Mi Nígbà Tí Ibà Dá Mi Dúró

Ìdí ìkòkò ọṣẹ gbígbóná ni mo wà nígbà tí òtútù mú mi. Àwọn yòókù ń làágùn, èmi ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ibà ni.

Ayé ológun ni, Sáàpù, ètò ìfúnwọ́mọ́wọ́ ìjọba, ti lé ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí a wà ní Ìkẹjà. Lọ́sẹ̀ náà, ọ̀gá fẹ́ yan olórí fún àwa tí ń di ọṣẹ sí páálí: èmi tàbí Bùnmi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́. Mo ń jowú rẹ̀, n kò ní purọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Kolorokúìnì pàápàá, oògùn ibà ìgbà náà tó ń mú ara yún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í mú ara yún un.

Tèmi dà bí ìgbà tí ìjàlọ ń rìn lábẹ́ awọ. Mo lo oògùn ọjọ́ kìíní, ibà náà rọlẹ̀, mo sì pa ìyókù tì, torí n kò lè máa họra níwájú ọ̀gá. Mo sáré padà síbi iṣẹ́ kí Bùnmi má baà gba ipò mi. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣubú lu páálí.

Ilé ìwòsàn ni mo ti lajú. Orí ń fọ́ mi, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi obì. Dókítà ṣàlàyé pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni kòkòrò ibà ń gbé. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe purotéènì tirẹ̀, èròjà tó ń tì jáde sí ara sẹ́ẹ̀lì náà bíi kókó wẹ́wẹ́. Kókó yìí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, kí ẹ̀jẹ̀ má gbé e lọ síbi tí ara ti ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò. Bí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀ nínú iṣan ọpọlọ, èèyàn lè má jí mọ́.

“Ẹ fi oògùn sílẹ̀ láàárín ọ̀nà,” ló wí. “Àwọn kòkòrò tó kù ló bí sí i.”

Bùnmi wá lẹ́yìn iṣẹ́. “Àǹtí Síkírá, wọ́n ti fi mí ṣe olórí.”

Mo kí i kú oríire, mo kọjú sí ògiri.

“Ẹ lo oògùn yín ná, kí ẹ tó bínú,” ló wí.

Mo gbé e mì, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ó yọ òòyà onígi láti inú báàgì rẹ̀, ó ń fi họ ẹ̀yìn mi. “Ẹ̀yìn yín gbòòrò o, bíi pápá ọkọ̀ òfuurufú.” Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí mo fi lo oògùn náà tán.

Oògùn mìíràn ni wọ́n ń lò fún ibà báyìí. Èyíkéyìí tí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó tán. Mo padà síṣẹ́ lábẹ́ Bùnmi, owú náà sì pẹ́ kó tó tán nínú mi. Ṣùgbọ́n bí ara bá yún mi lónìí, Alihamudulilahi ni mo máa ń wí. Ara kì í yún òkú.