Ariwo Inú Ilẹ̀kùn Challenger

"Bàbá àgbà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bọ̀dá Tadek ju nǹkan náà sínú ilẹ̀kùn lóòótọ́? Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń ṣàwàdà ńkọ́?"

Renata kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ó bi Zygmunt Wolak, bàbá ìyá rẹ̀, ní ìbéèrè yìí. Ó ti gbé e mì títí kó tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá náà gé sọ́séèjì sórí búrẹ́dì dúdú, ó nà án sí i, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ìyá Renata fi ẹsẹ̀ ta á lábẹ́ tábìlì.

Ní Hamtramck, ìlú wọn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí Zygmunt ń wá: Challenger kan tó pọ́n bí ọsàn, tí àga inú rẹ̀ funfun, ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò alágbára tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ ńlá ìlú náà kí wọ́n tó wó o. Òun àti Tadek, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní àṣà kan. Bí inú bá bí wọn sí ọ̀gá, wọn a ju nọ́ọ̀tì sínú ilẹ̀kùn mọ́tò kí wọ́n tó bò ó, kí ariwo rẹ̀ lè máa da olówó tó bá rà á láàmú. Lọ́jọ́ tí Tadek ṣiṣẹ́ kẹ́yìn kí ìjọba tó kó o lọ sógun Vietnam, báàjì rẹ̀ onírin, tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, ló ní òun jù sínú ilẹ̀kùn Challenger náà. Ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá, tí mo bá dé, àwa méjèèjì la máa wá a kàn, a ó sì rà á."

Kò dé. Òkú rẹ̀ pàápàá kò dé.

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí ìwé ìròyìn bá ti ní wọ́n ń ta irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, Zygmunt á débẹ̀. Renata náà a máa tẹ̀ lé e. Bàbá kì í wo ẹ́ńjìnnì. Á ṣí ilẹ̀kùn, á gbá a pa, á dẹ etí. Bí nǹkan kò bá dún nínú rẹ̀, á dúpẹ́, á sì máa lọ.

"Bàbá, mọ́tò lẹ fẹ́ rà ni àbí ilẹ̀kùn?" ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò bi í nílùú Toledo. "Ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì yìí ná! Ó ń bú bíi kìnnìún!"

"Ilẹ̀kùn rẹ dákẹ́ jù."

"Ẹ gbà mí o! Ṣé kó máa kí yín káàárọ̀ ni?"

Ìyá Renata kò rí i bí ẹ̀rín. "Bàbá, ẹ ṣáà mọ Tadek. Ìgbà wo ló sọ òótọ́ rí nídìí oúnjẹ? Ẹ jẹ́ kó sinmi." Zygmunt á mú fìlà rẹ̀, á jáde.

Nígbà tí ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́, Renata, tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé girama, ló ń wa ọkọ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, wọ́n dé abà kan nítòsí ìlú Saginaw. Challenger kan wà níbẹ̀ lábẹ́ tapólì. Àwọ̀ ọsàn rẹ̀ ti ṣá, eku sì ti jẹ àga funfun inú rẹ̀. Zygmunt gbá ilẹ̀kùn. Kò dún. Ó tún un gbá.

"Ó ti dákẹ́ báyìí, bàbá," obìnrin tó ni abà náà wí. "Ẹ̀ bá wá nígbà ayé ọkọ mi! Ilẹ̀kùn yẹn á máa dún bí owó nínú agolo. Kò sẹ́ni tó ṣe mọ́tò yẹn tí ọkọ mi ò bú, títí kan ìyá wọn. Nígbà òtútù kan ló kàn dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe yọ̀!"

Zygmunt kúnlẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà tán. Ó ki ọwọ́ bọ ihò náà títí dé ọrùn ọwọ́, ó wá inú rẹ̀ káàkiri. Ìpẹtà nìkan ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde.

"Ṣé ẹ máa rà á?"

"Rárá, ìyá. Ẹ ṣeun."

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, ẹ̀gbẹ́ títì ni bàbá ń wò, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilé iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀, bàbá ní kí Renata dúró.

"O bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tó o wà ní kékeré, mi ò dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ mi níbí yìí ni kí n máa gbá ilẹ̀kùn, kí n máa gbọ́ ọ. Èyí tó bá dún, kí n dá a dúró, kí wọ́n tú u. Challenger yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì dún. Mo gbójú sókè, mo rí Tadek lọ́ọ̀ọ́kán, tó fọwọ́ bo ẹnu, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n máa gbé e lọ."